Omi Ìdọ̀tí Sabon Gari: Ibi Tí Ó Ti Wá àti Ibi Tí Ó Ń Lọ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí ní kí a kọ díẹ̀ nínú ìtàn àwa Yorùbá ní ìlú Kano, ohun tí wọ́n rò ni pé a ó kọ nípa àwọn tó kọ́kọ́ dé, nípa ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àti nípa àwọn olóyè wa. Àwọn tó mọ̀wé jù wá lọ ti kọ ìyẹn. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà, láti ìgbà náà sì ni a ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti páìpù. Nítorí náà ohun tí a mọ̀ ni a ó kọ, èyí nì ni omi tí a ń dà nù. Owó tí a ń kó jọ lónìí, gọ́tà ni a fẹ́ fi ṣe, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò fi owó sílẹ̀ mọ ìtàn gọ́tà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ Kano, àti ilé àti odi ìlú, ibi tí wọ́n sì ti wa amọ̀ náà ló di àwọn kòtò ńláńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní kududdufi. Omi òjò ń lọ síbẹ̀, ìdọ̀tí náà ń bá a lọ. Nínú gbogbo omi inú ìlú, Jakara ló lókìkí jù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Kurmi kọjá. Nígbà tí Heinrich Barth, òyìnbó ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ pé Jakara ló pín ìlú sí méjì, àti pé omi náà kún fún ẹ̀gbin. A kò sọ èyí láti fi onílé ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wí pé àwa àlejò ni a kó ìdọ̀tí wọ ìlú onílùú.

Àwọn ará Kano àtijọ́ ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a yìn wọ́n fún. Ohun tó wà nínú ṣáláńgá wọn (salga ni wọ́n ń pè é, ó jọ pé ọ̀rọ̀ tiwọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá), wọ́n ń da eérú sí i títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà wọn a kó o mọ́ ilẹ̀ gbígbá àti ìgbẹ́ ẹran, wọn a dì í ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di oko tó yí ìlú ká. Taki ni orúkọ rẹ̀, owó ni àgbẹ̀ sì fi ń rà á. Ilẹ̀ àyíká Kano tí wọ́n ń dá lọ́dọọdún láìjẹ́ kí ó sinmi, taki ló gbé e ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Ohun gbígbẹ ni wọ́n ń kó lọ nígbà náà, àwa ni a wá fi omi bò ó.

Ọkọ̀ ojú irin wọ Kano ní 1911. Ìgbà náà ni àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níhìn-ín, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Ìjẹ̀bú, láti Abẹ́òkúta, àwọn kan ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́, àwọn kan ń ṣòwò. Ní 1913 ni ìjọba òyìnbó la Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìlú tuntun. Ní Ìbàdàn, àwọn Haúsá ló ń gbé Sábó, níhìn-ín àwa ni a di ará Sábó. Nígbà tó di 1917, òfin ìlú tí Lugard gbé jáde pàṣẹ pé kí àyè 440 yáàdì tí kò sí ilé kankan wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú. Ẹ̀fọn ibà wà lára ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kò gbọdọ̀ fò dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni omi tó dágún ti wà lára ohun tó pinnu ibi tí oníkálukú yóò sùn.

Kí a má purọ́, àdúgbò náà ní ètò. Títì rẹ̀ tọ́, pílọ́ọ̀tì rẹ̀ dọ́gba. Agbépóò ń wá lóru, ó ń gbé korobá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wolé-wolé, tí àwọn Haúsá ń pè ní duba-gari, ń wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó ń bẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bàbá wa máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti ké pé wolé-wolé ń bọ̀, gbogbo obìnrin á da omi ìkòkò wọn nù, yálà ó ní tanwíjí tàbí kò ní, títì á sì tutù bí ẹni pé òjò rọ̀.

Ní nǹkan bí 1930 ni omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti Challawa wá sí Kano. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ta páìpù mọ ohun kan. Omi tó bá wọ ilé, ó ní láti jáde. Garawa omi mẹ́wàá tí a bá gbé wọlé fún ìwẹ̀, ìfọṣọ àti ìfọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé garawa mẹ́sàn-án yóò wá ọ̀nà síta. Wọ́n ri páìpù tí ń gbé omi wọlé mọ́lẹ̀, wọn kò ri èyí tí yóò gbé e jáde. Títí di òní, kò sí páìpù ẹ̀gbin tó so gbogbo ilé Kano pọ̀. Gọ́tà etí títì tí wọ́n ṣe fún omi òjò ni gbogbo wa sọ di ti ohun gbogbo.

Nígbà tí owó epo dé ní ọdún 1970 sí 1980, a wó ilé onípákó àti ti amọ̀, a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Póò di ohun ìtìjú, a ṣe ilé ìgbẹ́ olómi. Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí sókàwéè ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ló ní i tí kò mọ̀ ọ́n. Kòtò méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ àti ògiri tó dí pa, níbẹ̀ ni ohun líle ti ń rì sísàlẹ̀. Ti kejì kò ní ìsàlẹ̀, omi tó ti ti àkọ́kọ́ wá ń rọra rì wọ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí a kò bá gbọ́n ti àkọ́kọ́ lásìkò, ohun líle yóò ṣàn bọ́ sí èkejì, yóò dí ojú ilẹ̀, omi kò ní rì mọ́. Ohun tó tó ìdílé kan ni a wá fi ń sin ilé tó ní yàrá ogún, tí ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ń gbé inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí a tún gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé kan náà nígbà tí omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró. Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń ní kí kànga jìnnà sí kòtò ìgbẹ́ ní nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Pílọ́ọ̀tì wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni. Bí o bá gbé kànga rẹ jìnnà sí kòtò tìrẹ, kòtò aládùúgbò ni o gbé e sún mọ́.

Ọmọdé ni wá ní 1984 nígbà tí ìjọba ológun ti Buhari àti Idiagbon gbé ètò ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́ dìde ní oṣù Mátṣì, tí wọ́n sì fi ìmọ́tótó àyíká kún un lẹ́yìn náà. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kò sí ẹni tí yóò jáde, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ tún ìta ṣe. A rántí bàbá wa nínú sòkòtò penpe, òun àti àwọn ọkùnrin títì wa, Yorùbá, Íbò, àti àwọn ará Edo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Inú wa dùn láti rí àwọn àgbàlagbà nínú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú ọmọdé wa rí. Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n kó jáde, etí gọ́tà ni wọ́n kó o sí. Ọkọ̀ tí yóò wá gbé e kì í tètè dé, òjò ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹrọ̀fọ̀ náà á tún wọ inú gọ́tà padà, ní oṣù tó ń bọ̀ wọn a tún kó o jáde. Bàbá wa sọ ọ́ nígbà kan pé ẹrọ̀fọ̀ yìí ti mọ orúkọ òun.

Ohun tí ètò náà kò kọ́ wa ni kí a jọ jókòó. Ìbẹ̀rù sójà ló ń mú ṣọ́bìrì jáde, nígbà tí sójà lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́bìrì lọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé lọ́jọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980 ni odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn, tí ó pa ènìyàn tó lé ní 200, pàǹtírí tí a dà sí ojú odò sì wà lára ohun tó mú un ya. Àwọn ará ilé wa wà nínú àwọn tí dúkìá wọn bá a lọ. A sunkún rẹ̀ níhìn-ín, a sì ń da pàǹtírí sí gọ́tà níhìn-ín.

Láti ìparí 1995 títí wọ inú oṣù Mèé 1996, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Kano. Àwọn tó mú lé ní 5,000, àwọn tó pa lé ní 300. Àwọn oníṣègùn tó wádìí rẹ̀ rí i pé omi tí wọ́n ń kiri tà ní ìta wà lára ohun tó tàn án kálẹ̀, àti pé ẹni tó ń fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun bọ́ nínú rẹ̀ ju ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé tí a ń gbé nígbà náà, ọmọ ayálégbé wa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. A kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì wà láàárín wa.

Èyí tó kàn yìí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bẹ̀ wá pé kí a má kọ ọ́. A ó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onílé, bí sókàwéè wa bá kún, a kì í pe ọkọ̀ tó ń gbọ́n ọn, nítorí owó rẹ̀ wọ́n. Òjò ni a ń dúró dè. Bí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀ lóru, a ó ṣí ìdérí, a ó fi páìpù kékeré so ó mọ́ gọ́tà, agbára òjò yóò gbé e lọ. Àwa pàápàá ti ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. A tún ti ta páìpù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, a sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ilẹ̀ á mọ́, gbogbo wa á máa kí ara wa lójú títì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ọdún kan, nígbà òjò, gọ́tà títì wa dí ní ẹnu kọ́fátì, ohun tí a tú sílẹ̀ lóru padà ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ wa. Haúsá ni wọ́n, àti àwọn Íbò díẹ̀. Ó wọ yàrá ìyá arúgbó kan títí dé orí ẹní ìkírun rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Kano, ẹ mọ ohun tí irú ìyẹn lè dà. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ. Mai unguwa ló pa iná rẹ̀. Ó pe àwọn àgbà wa, kò jágbe mọ́ wọn, ó kàn ní kí ènìyàn díẹ̀ tẹ̀lé òun kí a jọ fi ẹsẹ̀ tọ omi náà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tó ń lọ.

Àwa wà nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti wà ní Sabon Gari, a kò tí ì béèrè rí ibi tí gọ́tà wa ń lọ. A tọ̀ ọ́ kọjá ẹ̀yìn ọjà, ó bọ́ sí gọ́tà ńlá, gọ́tà ńlá bọ́ sí Jakara. Omi tó ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ní Bompai náà bọ́ síbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti omi yòókù. Nígbà tí a dé ẹ̀bá Airport Road, ọkàn wa dúró. Ewéko tútù yọ̀yọ̀ ló lọ rẹrẹẹrẹ ní etí odò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn: sàláàdì, tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alayyahu, àlùbọ́sà, kábéèjì. Àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ kékeré fa omi Jakara sí ààlà oko.

Bàbá àgbẹ̀ kan dá wa lóhùn. A rò pé yóò bú wa, kò bú wa. Ó ní omi yìí ni taki àwọn nísinsìnyí, pé ẹni tó ń fi í bomi rin oko kì í ra ajílẹ̀ púpọ̀, bí ó bá sì dáwọ́ dúró lóṣù Jánúárì, oko àwọn ti gbẹ nìyẹn. Ohun tó ń bí i nínú yàtọ̀. Ó fi ojúgun rẹ̀ hàn wá, ó ti họ ọ́ títí ó fi dégbò. Ó gbé agolo kan wá, ohun tó ṣà nínú omi ní ọ̀sẹ̀ náà ló kó sínú rẹ̀: abẹ́ ìfárí, àfọ́kù ìgò, abẹ́rẹ́ ìgúnni mẹ́ta. Ọ̀rá ti di òkìtì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó fa sàláàdì tó kún ọwọ́ méjì tu, ó fi ta wá lọ́rẹ. A dúpẹ́. A wo ara wa. Irú sàláàdì kan náà ni à ń rà nínú ọjà wa, tí à ń gé sórí ìrẹsì níbi ìkómọjáde. Ohun tí a tú sílẹ̀ lóru ló ń padà wá sínú àwo wa, a sì ń fi owó rà á.

Nígbà tí a dé ilé tí a sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní yunifásítì sọ ìtàn Orangi fún wa, àdúgbò ńlá kan ní ìlú Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan. Àlejò pọ̀ níbẹ̀ bí tiwa, tálákà ni wọ́n, kò sì sí páìpù ẹ̀gbin. Bàbá kan tó ń jẹ́ Akhtar Hameed Khan lọ bá wọn ní 1980. Wọ́n ń dúró de ìjọba. Ó ní kí wọ́n má dúró de gbogbo rẹ̀. Ó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ilé ìgbẹ́ inú ilé, páìpù inú láìnì, àti páìpù tó gba ti láìnì púpọ̀, àwọn ará àdúgbò ni yóò fi owó àti ọwọ́ ara wọn ṣe é. Páìpù ńlá àti ibi tí wọn yóò ti fọ omi náà mọ́, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Láìnì kan jẹ́ ilé bíi 20 sí 40, wọn yóò yan ẹnì kan láàárín ara wọn, òun ni yóò gba owó. Olúkúlùkù ilé á ṣe kòtò kékeré kan tí yóò dá ohun líle dúró kí omi tó wọ páìpù. Àwọn onímọ̀ wá kọ́ wọn ní bí a ti ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ àti bí a ti ń po kọnkéré. Nígbà tí bàbá náà yóò fi kú ní 1999, ọ̀kẹ́ àìmọye ilé ló ti wọ ètò yìí, owó tí wọ́n ná sì kéré púpọ̀ sí ohun tí kọngíláà ìjọba ì bá gbà.

Àwọn kan nínú wa ní Karachi kì í ṣe Kano. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ wa tẹ́jú ju bí ó ti yẹ lọ, omi rẹ̀ kì í tètè lọ. Síbẹ̀ a gba ọ̀nà ìpínṣẹ́ náà, nítorí ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹ̀bi wa parí sí àti ibi tí ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. A pe àwọn onílé láìnì àkọ́kọ́, Yorùbá, Íbò àti Haúsá, a jókòó ní ìta mai unguwa. Mẹ́ta ni ohun tí a fẹnu kò lé: kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe kòtò ìdádúró àti àwọ̀n irin sí ẹnu ibi tí omi rẹ̀ ti ń bọ́ sí gọ́tà, kí a jọ máa san owó ọkọ̀ tó ń gbọ́n sókàwéè ní yípo, kí owó má baà pa ẹnì kan, kí ẹrọ̀fọ̀ tí a bá kó ní Sátidé má sùn ní etí gọ́tà, kí ọmọlanke gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Abẹ́ àti ìgò, a gbé agolo fún un sí ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ mú èyí ṣe, kí a sọ òótọ́. Àwọn ọkùnrin ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ́ akápò nígbà tí agolo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Onílé tó ń gbé ìlú mìíràn kì í dá lẹ́tà wa lóhùn, ayálégbé rẹ̀ sì ní òun kò lè tún ilé onílé ṣe. A ti gbà pé kí ó yọ ọ́ nínú owó ilé, a ti rí méjì tó gbà bẹ́ẹ̀. Omi Bompai kò sí lọ́wọ́ wa rárá, ìjọba nìkan ló lè mú ilé iṣẹ́ fọ omi rẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Ní ti sàláàdì, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kan jáde ní 2006 pé níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ ìfọmi, kí oníkálukú mú apá tirẹ̀: kí àgbẹ̀ dáwọ́ bíbu omi náà dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó kórè, kí ẹni tó ń tà á fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ náà fọ̀ ọ́ dáadáa. A ti lọ bá bàbá àgbẹ̀ wa sọ ọ́. Ó ní òun yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n oníbàárà fẹ́ kí ewé máa kán omi tótó nígbà tí ó bá ń rà á. Ó wò wá lójú nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí owó òní wà fún ni gọ́tà láìnì kejì àti ìkẹta, tí a fẹ́ fi kọnkéré ṣe kí a sì fi ìdérí tó ṣeé gbé bò ó, àti kọ́fátì tó dí lọ́jọ́ náà, tí a fẹ́ fẹ̀ sí i. Iye tí à ń ta sìmẹ́ǹtì rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ni iye tí àwa fi rà á, ẹni tó bá fẹ́ wo rìsíìtì lè wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé méjìlélógún ló wà ní láìnì àkọ́kọ́. Mọ́kàndínlógún ti san. Àwọn mẹ́ta tó kù, a mọ ilé wọn, wọ́n sì jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú wa lónìí.